Ayálégbé mẹ́rin, kọ́kọ́rọ́ balùwẹ̀ kan: ojú tí mo fi rí Cython

Yaba ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nílé iṣẹ́ kékeré kan tó ń báni gbé ẹrù. Lálaalẹ́ ni kóòdù tí mo fi èdè Python kọ máa ń wo àdírẹ́sì 20,000, méjì-méjì, kó lè mọ èyí tó súnmọ́ra tí dispatch kan lè gbé pọ̀. Ìṣirò bíi mílíọ̀nù 200 nìyẹn. Ìṣẹ́jú méje ló ń gbà, tí wọ́n bá sì ti mú iná lọ, inverter ò fẹ́ gbọ́ ìyẹn.

Core mẹ́rin, ìyẹn ẹ̀yà tó ń ṣe ìṣirò, ni kọ̀ǹpútà mi ní, mo bá pín iṣẹ́ náà fún thread mẹ́rin, bí òṣìṣẹ́ mẹ́rin nínú kóòdù kan. Ìṣẹ́jú méje náà ni! GIL ló fà á, ìyẹn kọ́kọ́rọ́ inú Python tí thread kan ṣoṣo lè dì mú lẹ́ẹ̀kan. Ẹ rántí ilé face-me-I-face-you tí balùwẹ̀ rẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́ ẹyọ kan: ayálégbé mẹ́rin lè jí láago márùn-ún, ẹnì kan ṣoṣo ló máa wẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ìgbà yẹn ni mo lọ bá Cython, ọ̀fẹ́ ni. Ohun tó jọ Python lẹ máa kọ, òun á sọ ọ́ di èdè C, gcc tó ń sọ C di ohun tí kọ̀ǹpútà lè ṣe á parí ìyókù. Mo fi cdef double kéde irú tí àwọn nọ́ńbà mi jẹ́, ìṣẹ́jú méje di ìṣẹ́jú-àáyá 17, lórí core kan ṣoṣo. Mo wá fi prange, tó ń pín iṣẹ́ fún àwọn thread, rọ́pò range, pẹ̀lú nogil=True, tó ní kí wọ́n ṣiṣẹ́ láìdi GIL mú. Ó kọ̀ jálẹ̀: "Calling gil-requiring function not allowed without gil". Ẹ̀bi mi ni, function sin ti Python, tó nílò GIL, ni mo ń pè dípò ti libc.math, tó jẹ́ ti C. Mo tún un ṣe, ó gbà. 17 náà ló tún jẹ́.

Odidi ọ̀sán Sátidé ni mo fi wá a kí n tó rí i pé mi ò kọ -fopenmp, àṣẹ tó ń jẹ́ kí gcc pín iṣẹ́ sórí core púpọ̀, sínú setup.py, fáìlì tó ń sọ bí wọ́n ṣe máa kọ́ kóòdù náà. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa pariwo. Á kàn máa rọra bá iṣẹ́ lọ lórí core kan. Ìràwọ̀ kan tí mo yọ nínú márùn-ún, torí èyí ni.

Mo fi sí i, ó di 8. Àdírẹ́sì àkọ́kọ́ ní 19,999 tó máa bá wéra, èyí tó kẹ́yìn ò ní ẹyọ kan. Thread tó gba apá ìbẹ̀rẹ̀ ń làágùn, àwọn tó kù ti lọ jẹun. schedule='dynamic' ló bá mi tún un pín, kí thread tó bá ti parí máa gba iṣẹ́ mìíràn: 5.

Tó bá jẹ́ pé íntánẹ́ẹ̀tì ni kóòdù yín ń dúró dè, ẹ má wulẹ̀ dààmú, thread Python lásán ti tó.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè mo gbé e sórí Windows ọ̀gá mi. Ọ̀gá wojú mi, ó ní, "Ṣé bó ṣe yá náà nìyí?" Àṣé /openmp ni compiler Microsoft tó wà níbẹ̀ mọ̀, kì í ṣe -fopenmp.