Àgbéyẹ̀wò iṣẹ́ ilé àyẹ̀wò òkúta kan ní Abuja

Ilé àyẹ̀wò kékeré kan ní Abuja ni mo gbé òkúta alámọ̀ dúdú lọ, èyí tí mo bù nítòsí Pindiga ní ìpínlẹ̀ Gombe, tó ti wà láti ìgbà Cretaceous, nígbà tí òkun bo apá ibẹ̀ tí àwọn dáínósọ̀ ṣì wà láyé. Iṣẹ́ wọn tẹ́ mi lọ́rùn, àyàfi ohun méjì.

Wọ́n fi hydrochloric acid yọ ẹfun inú òkúta náà, wọ́n fi hydrofluoric acid jẹ iyanrìn àti amọ̀ rẹ̀, wọ́n sì fi asẹ́ olójú wẹ́wẹ́ sẹ́ ohun tíntìntín tí ásíìdì kò lè jẹ, ìyẹn ìyókù àwọn ohun ẹlẹ́mìí àtijọ́. Fífọ̀ náà mọ́ tónítóní.

Bí wọ́n ṣe pín àwọn nǹkan náà sí ìsọ̀rí ni mo fẹ́ràn jù. Dinoflagellate, ìyẹn ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín inú omi, tó ti wà nínú èèpo máa ń dá ihò sí èèpo náà lára nígbà tó bá ń jáde, ihò ọ̀hún sì ní ìrísí àti ààyè tirẹ̀. Láti 1961 tí William Evitt ti fi ihò yìí ṣàlàyé ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹlẹ́gùn-ún àtijọ́ jẹ́, ẹ̀gún nìkan kò tó láti fi dá wọn mọ̀ mọ́. Ọ̀kan wà nínú tèmi, ó rí roboto, ó pọ́n bí oyin, ẹ̀gún rẹ̀ kúrú, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan sì ya. Wọ́n kọ ọ́ sínú àbọ̀ wọn pé etí ibi tó ya rí jágajàga, ó sì lè jẹ́ pé ẹrù òkúta ló tẹ̀ ẹ́ fọ́. Nítorí náà wọ́n fi í sáàárín àwọn acritarch, ìyẹn àwọn ohun tíntìntín àtijọ́ tí a kò tíì mọ ohun tí wọ́n jẹ́, wọ́n sì kọ ibi tó wà lórí gíláàsì náà kí ẹlòmíràn lè wò ó. Èmi náà wò ó, mo sì gbà pẹ̀lú wọn. Dinoflagellate wà lára ohun tí a fi ń mọ ọjọ́ orí òkúta; bí wọ́n bá ti fi ipá sọ ọ́ di ọ̀kan nínú wọn ni, ọjọ́ orí tí a óò kọ fún òkúta náà ìbá yẹ̀, èyí kò sì dára fún àwa tí a ń wádìí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń wá epo rọ̀bì.

Àléébù àkọ́kọ́ ni pé ojú kan ṣoṣo ni wọ́n ya àwòrán rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìhà òkè àti ìhà ìsàlẹ̀ ló yẹ kó hàn. Èkejì ni pé nitric acid tí wọ́n lò pẹ́ jù, ó sì jẹ àwọn aláwọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó sọ fún wọn ṣáájú pé kí wọ́n ya apá kan sọ́tọ̀ láìfi nitric acid kàn án.