Ìkìlọ̀ fún Ẹ̀yin Tí Ẹ Fẹ́ Ra Graphics Card Tòkunbọ̀ ní Àbújá

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ animation ní Àbújá, Kàdúná, Jos àti káàkiri òkè Ọya, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí kí ẹ tó kówó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Oníṣòwò kan wà ní agbègbè Wuse tí ó ń ta graphics card (káàdì inú kọ̀ǹpútà tí ń ṣiṣẹ́ àwòrán) tí ó pè ní GTX 1050 Ti onímẹ́mórì 4 GB, ní iye tí ó dín gan-an sí ti àwọn tí wọ́n jọ wà lọ́jà. Àwọn àbúrò kan tí wọ́n rà á ti gbé e wá fún mi yẹ̀ wò, káàdì náà kì í sì í ṣe ohun tí ó pè é.

Àwọn tí ó ń dójú sọ ni àwọn ọ̀dọ́ tí kọ̀ǹpútà wọn kò lágbára púpọ̀, tí Blender, ètò tí a fi ń ṣe animation, máa ń dákú mọ́ lọ́wọ́ bí wọ́n bá ń render (ìyẹn ni pé kí kọ̀ǹpútà sọ iṣẹ́ wọn di àwòrán tó parí), tí wọ́n sì ń rí “Out of memory” (mẹ́mórì ti tán) lójú ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ oníṣòwò náà pé káàdì ni yóò yanjú ìṣòro wọn ń wọ̀ wọ́n létí nítorí pé òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀: bí Cycles, apá kan Blender tí ń ṣe render, bá ń ṣiṣẹ́ lórí graphics card, mẹ́mórì ara káàdì náà ni ó gbára lé jù, nítorí náà ẹni tí ó ní RAM (mẹ́mórì kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀) 16 GB ṣì lè bá ìṣòro yìí pàdé bí káàdì rẹ̀ bá kéré.

Ohun tí àwọn tó ń ṣe ayédèrú káàdì yìí ń ṣe ni pé wọ́n á mú GTX 550 Ti, káàdì tí ó jáde ní 2011, tí ó ní core (ẹ̀yà kéékèèké tí ń ṣe ìṣirò) 192, tí mẹ́mórì rẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ 1 GB, wọ́n á yí ohun tí a kọ sínú BIOS rẹ̀ (ètò inú káàdì tí ń sọ orúkọ rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà) padà, Windows yóò sì máa kà á sí GTX 1050 Ti, èyí tí ó jáde ní 2016 pẹ̀lú core 768. Bí ẹ bá ṣí Device Manager, ibi tí Windows ń to orúkọ àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà sí, orúkọ tí olùtajà pè ni ẹ ó rí, ibẹ̀ gan-an ni ó sì máa ń fi han àwọn oníbàárà. Láti ẹ̀dà Blender 2.80 tí ó jáde ní 2019 ni Cycles ti pa irú káàdì àtijọ́ bẹ́ẹ̀ tì, nítorí náà ẹni tí ó rà á kò tilẹ̀ ní rí i lò fún render Cycles nínú ẹ̀dà náà àti àwọn tó tẹ̀ lé e. Olùtajà yìí tún máa ń fi driver (ètò tí ń jẹ́ kí Windows lo káàdì) tirẹ̀ sínú flash fún oníbàárà, a sì máa kìlọ̀ pé kí wọ́n má ṣe gba tuntun lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí dátà má bàa jẹ wọ́n lówó. Àánú ńlá nìyẹn! Driver tuntun ni yóò tú àṣírí káàdì náà.

Ẹ gbé GPU-Z, ètò tí ń yẹ graphics card wò, dání nínú flash tiyín, ẹ̀dà 2.12 tàbí èyí tí ó tẹ̀ lé e, nítorí pé láti 2018 ni ó ti ń kọ [FAKE] síwájú orúkọ irú káàdì bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé fáìlì Blender tí ó ti ń yọ yín lẹ́nu nílé dání pẹ̀lú, kí ẹ render rẹ̀ níṣojú olùtajà. Bí ó bá ní kò síná, ẹ dúró kí iná dé. Ihò VGA aláwọ̀ búlúù (ti wáyà mọ́nítọ̀ àtijọ́) lára ohun tí wọ́n pè ní 1050 Ti tó ohun tí ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ fura.

Lójú tèmi, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń sáré lọ ra káàdì kò tíì nílò rẹ̀; wọ́n lè dín mẹ́mórì tí iṣẹ́ wọn ń jẹ kù. Texture (àwòrán tí a fi ń bo ara nǹkan) kan tí ó jẹ́ pixel 4096 lóròó àti ní ìbú ń gba mẹ́mórì tó 64 MB. Bí ogún irú rẹ̀ bá wà nínú àwòrán kan, ó ti ju 1 GB lọ kí a tó ka igi àti ènìyàn inú rẹ̀. Ẹ sọ àwọn tí ó wà lọ́nà jíjìn sí kámẹ́rà di 2048, 16 MB péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò máa gbà, ojú kò sì ní mọ ìyàtọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí igi kan di igbó, Alt+D ni kí ẹ fi ṣe ẹ̀dà rẹ̀ dípò Shift+D, nítorí pé gbogbo wọn yóò máa lo ẹyọ mesh (ìrísí igi náà) kan náà. Ẹ lè fi CPU, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, render kí ó máa lo RAM, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò pẹ́ gan-an. Ẹ sì máa tọ́jú iṣẹ́ sí àwòrán PNG lọ́kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe fídíò, kí ó lè jẹ́ pé ibi tí iná bá ti lọ ni ẹ ó ti tẹ̀ síwájú.

Ẹ̀yin tí ẹ ti rà á ńkọ́? Ẹ ya fọ́tò ohun tí GPU-Z kọ, kí ẹ mú un lọ bá a pẹ̀lú rìsíìtì yín. Bí ó bá kọ̀ láti dá owó padà, ẹ kọ̀wé ẹ̀sùn sí FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń dáàbò bo oníbàárà, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Àbújá níbí. Ẹni tí ó bá ń lọ rà lónìí, kí ó rí i pé olùtajà kọ orúkọ káàdì, iye mẹ́mórì rẹ̀ àti nọ́ńbà ara rẹ̀ sórí rìsíìtì. Èyí tí wọ́n ń kọ “graphics card 1” sí lásán kò wúlò fún ẹ̀sùn kankan.