Rọ́bà J-Bands: ohun tí mo rí lára ọmọ mi tó ń ju bọ́ọ̀lù béésíbọ́ọ̀lù

Houston ní Amẹ́ríkà là ń gbé, ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún 12, òun ni wọ́n sì máa ń gbé bọ́ọ̀lù lé lọ́wọ́ nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ láti jù ú sí ẹni tó di igi mú. Gbogbo òbí tó ń jókòó létí pápá níbí ló ń wá bí bọ́ọ̀lù ọmọ wọn yóò ṣe sáré sí i. Bọ́ọ̀lù tó wúwo ju ti ìdíje lọ ni ọ̀pọ̀ ń rà. Èmi ra rọ́bà J-Bands ti Jaeger Sports, irú kékeré tí wọ́n ṣe fún ọmọ ọdún 12 sí ìsàlẹ̀, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn gan-an.

Rọ́bà gígùn méjì ni, wọ́n so wọ́n mọ́ ìkọ́ kan tí à ń fi kọ́ fẹ́ǹsì. Ọrùn ọwọ́ la ń de orí kejì mọ́, ọmọ kò ní láti di nǹkan kan mú. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nìyẹn. Bí ọmọ bá di nǹkan mú pinpin, iwájú apá ni yóò máa ṣe iṣẹ́ tí a fẹ́ kí àwọn iṣan kéékèèké ẹ̀yìn èjìká ṣe. Àwọn iṣan yìí ni bíréékì apá: àwọn ló ń dá a dúró nígbà tí bọ́ọ̀lù bá ti kúrò lọ́wọ́.

A máa ń sáré díẹ̀ kí ara gbóná, kó tó wá fa rọ́bà síwájú, sẹ́yìn, kó yí apá sínú àti síta, ìgbọ̀nwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà. Wọ́ọ́rọ́wọ́ ni. Bí ẹ bá rí i pé ọmọ ń bá rọ́bà jìjàkadì, ẹ ní kó sún mọ́ fẹ́ǹsì. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó kan bọ́ọ̀lù, láti ibi tó sún mọ́ra, kó máa fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀.

Kóòṣì kan tó ń gbowó kíláàsì ní ká fi bọ́ọ̀lù wúwo kún un. Mo kọ̀. Bọ́ọ̀lù ìdíje ò ju áúnsì 5 sí 5¼ lọ. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2018, àwọn ọmọ ọdún 13 sí 18 fi bọ́ọ̀lù áúnsì 2 títí dé 32 ṣe ìdárayá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bọ́ọ̀lù wọn yára sí i lóòótọ́, ìdá 3.3 nínú 100, ṣùgbọ́n ìdá 24 nínú 100 wọn ló fara pa. Ọmọ ọdún 12 kò tiẹ̀ sí lára wọn! Eegun ìgbọ̀nwọ́ tirẹ̀ ṣì ń dàgbà, ojú ibi tó ti ń gùn kò tíì le.

Ṣé bọ́ọ̀lù ọmọ mi yára sí i? Ó yára, àmọ́ n kò ní sọ pé rọ́bà nìkan ló ṣe é. Ó ti ga sí i, kóòṣì ẹgbẹ́ rẹ̀ sì kọ́ ọ bí a ṣe ń fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀, kí ìbàdí yí ṣáájú èjìká. Láti ẹsẹ̀ ni agbára jíjù ti ń gòkè wá. Èyí tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún rọ́bà ni pé ẹ̀yìn èjìká tó máa ń ro ó lọ́jọ́ kejì ìdíje kò ro ó mọ́.

Rọ́bà kò sì lè rọ́pò ìsinmi. Ẹ ka Pitch Smart, ìlànà lórí iye ìgbà tó yẹ kí ọmọ máa ju bọ́ọ̀lù, tí MLB (líìgì béésíbọ́ọ̀lù àwọn tó fi í ṣiṣẹ́ ṣe) àti USA Baseball (àjọ béésíbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà) gbé jáde ní 2014, ọ̀fẹ́ ni. Ọmọ ọdún 11 sí 12 kò gbọdọ̀ jù ju ìgbà 85 lọ lọ́jọ́ kan; bó bá ti tó 66, ó di ìsinmi ọjọ́ mẹ́rin. Ó kéré tán, oṣù mẹ́rin lọ́dún ló yẹ kí ọmọ má ju bọ́ọ̀lù rárá. Wọ́n tún ní kí ọmọ má ṣe wà nínú ẹgbẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì rí ìdí rẹ̀: kóòṣì kọ̀ọ̀kan ń ka ti ẹgbẹ́ tirẹ̀ nìkan, kò sẹ́ni tó ń ro méjèèjì pọ̀.

Bí ìgbọ̀nwọ́ bá ti ń dun ọmọ yín báyìí, ẹ má tíì ra rọ́bà kankan. Ẹ dá bọ́ọ̀lù dúró, kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.