CloudLab, Chameleon tàbí Grid'5000: èwo ni kí ẹ yá?

Bí iṣẹ́ ìwádìí yín bá ti ju ohun tí láápútọ́ọ̀pù lè gbé lọ, ẹ má tíì sáré yọ káàdì báńkì. Kọ̀ǹpútà ńlá wà tí àwọn oníwàdìí ń yá láìsan kọ́bọ̀. Kí ẹ tó béèrè bí ẹ̀rọ ṣe lágbára tó, ẹ béèrè ẹni tó máa dúró fún yín àti ọjọ́ tí wọ́n máa gba nǹkan wọn.

CloudLab ni èmi máa kọ́kọ́ gbìyànjú. Utah, Wisconsin àti Clemson ní Amẹ́ríkà ni àwọn sáfà rẹ̀, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà ńlá náà, wà. NSF, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń náwó sórí ìwádìí sáyẹ́ǹsì, ló gbé owó kalẹ̀ fún un ní 2014. Odidi sáfà ni wọ́n ń fún yín, ẹ lè yí gbogbo ètò inú rẹ̀ padà dé ìdí. Wákàtí 16 ni wọ́n sábà ń kọ́kọ́ fún èèyàn. Ẹni tó bá fẹ́ sí i á kọ ìdí. Akẹ́kọ̀ọ́ kò lè dá ṣí iṣẹ́ níbẹ̀, olùkọ́ ló ń ṣí i. Ẹ̀yin ará FUNAAB, yunifásítì wa ní Abẹ́òkúta, ẹ lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì súpáfáísọ̀ yín. Ibẹ̀ ló máa ń pẹ́ jù.

Chameleon wà ní Chicago àti Texas. Níbẹ̀ náà, olùkọ́ ló ń ṣíwájú. Ó dára fún ẹni tó fẹ́ GPU, ẹ̀rọ tó ń ṣe ọ̀pọ̀ ìṣirò lẹ́ẹ̀kan náà, torí ẹ lè gba àyè sílẹ̀ de ọjọ́ iwájú, ṣùgbọ́n ọjọ́ 7 ni àyálò kan ń mọ.

Nínú méjèèjì, bí àsìkò bá pé, díìsì sáfà tí ẹ yá á di òfìfo. Iná lọ ní Pánṣẹ́kẹ́ lọ́jọ́ kan, mo ní tó bá dé màá gbé èsì mi wálé. Kó tó dé, àsìkò ti pé. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbé èsì jáde bó ṣe ń wọlé, tí mo sì ń lo ètò kan tó ń jẹ́ tmux kí iṣẹ́ má dúró bí íntánẹ́ẹ̀tì bá já.

Grid'5000 ti Faransé rọrùn bí ẹ bá ní alábàáṣiṣẹ́ níbẹ̀. Òru àti òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń fi iṣẹ́ ńlá sí, òru wọn kò sì jìnnà sí tiwa.

Ti olówó ńkọ́, ìyẹn sáfà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń yáni fún owó? Ó dà bíi takisí tí ẹ ní kó dúró dè yín ní Lafẹ́nwá: ẹ ṣì wà nínú ọjà, owó ń gùn, dọ́là sì ni. Tó bá di dandan, ẹ pa ẹ̀rọ náà kí ẹ tó sùn.