Ìkìlọ̀ Fún Ẹ̀yin Oníṣòwò: Ẹ Ṣọ́ra Fún Àwọn Tó Ń Fi ERP Lu Jìbìtì Ní Ìsàlẹ̀ Èkó

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń ṣòwò ní Ìdúmọ̀tà, Balógun àti Òkè-Àrín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni tó bá wọ ìsọ̀ yín wá pé òun fẹ́ gbé ERP, ìyẹn sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń ṣètò òwò, sí i fún yín. Àwọn kan ń ti ìsọ̀ kan bọ́ sí òmíràn lásìkò yìí, sọ́fítíwíà tí wọ́n sì ń tà kì í ṣe tiwọn. Ẹnikẹ́ni ló lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á pa orúkọ rẹ̀ dà, wọ́n á lẹ àmì iléeṣẹ́ tiwọn mọ́ ọn, wọ́n á sì máa gba owó tí wọ́n pè ní owó láísẹ́ǹsì, ìyẹn owó àṣẹ láti lò ó, lọ́wọ́ yín lọ́dọọdún. N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, nítorí pé orúkọ iléeṣẹ́ wọn kì í pẹ́ yí padà; ọgbọ́n tí wọ́n ń dá ló yẹ kí ẹ mọ̀.

ERP fúnra rẹ̀ kì í ṣe ayédèrú. Sọ́fítíwíà ni, tó ń so ríra ọjà, kíka ọjà inú sítọ́ọ̀, títà, ìwé owó àti owó oṣù òṣìṣẹ́ pọ̀ mọ́ra, kí ohun tí ẹnì kan bá kọ sílẹ̀ níbì kan lè hàn níbi gbogbo tó kàn. Àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá ni wọ́n kọ́kọ́ ń ta irú rẹ̀ fún. SAP tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn, ọdún 1972 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Jámánì. Nígbà tó yá ni àwọn tí ẹni kékeré lè lò jáde. Odoo ti wá láti Bẹ́ljíọ̀mù, ERPNext sì wá láti Íńdíà. Odoo pín sí ọ̀nà méjì: èyí tí wọ́n ń pè ní Community jẹ́ ọ̀fẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní Enterprise ni wọ́n ń sanwó rẹ̀ ní ìbámu pẹ̀lú iye ènìyàn tó ń lò ó. Ọ̀fẹ́ ni ERPNext náà fún ẹni tó bá lè gbé e sórí kọ̀ǹpútà ara rẹ̀. Òfin tó de àwọn sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ yìí gbà kí ènìyàn mú un, kí ó tún un ṣe, kí ó sì gba owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín tààrà pé, “Ọ̀fẹ́ ni nǹkan yìí, ṣùgbọ́n ẹ ó san owó ìgbékalẹ̀, owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti owó àbójútó fún mi,” olóòótọ́ ni, owó rẹ̀ sì tọ́ sí i. Jìbìtì ibẹ̀ ni kí ó sọ pé òun ni òun kọ ọ́, pé láísẹ́ǹsì rẹ̀ ti parí, pé bí ẹ kò bá san òmíràn, òun yóò ti ilẹ̀kùn sọ́fítíwíà náà mọ́ yín.

Iṣẹ́ ìwé owó ni mo ń ṣe fún àwọn oníṣòwò, ìyẹn ló jẹ́ kí n rí ọ̀kan nínú iṣẹ́ ọwọ́ wọn lójúkojú. Ìyá kan tó ń ta léèsì àti àńkárá ní Balógun pè mí pé kí n wá wo ohun tí wọ́n gbé wá fún òun, lẹ́yìn tó ti san owó tó lé ní mílíọ̀nù kan náírà. Mo ṣí ibi tí orúkọ ọjà wà: tábìlì ọ́fíìsì, kọ́bọ́ọ̀dù ńlá, àga ọ́fíìsì ló kún ibẹ̀. Ọjà àpẹẹrẹ tí Odoo máa ń kó sínú sọ́fítíwíà rẹ̀ nìyẹn, kí ènìyàn lè fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ọ̀gbẹ́ni tó gbé e kalẹ̀ fún un kò tilẹ̀ yọ wọ́n kúrò. Ní ìsàlẹ̀ ojú-ewé tí wọ́n ti ń fi páásíwọ́ọ̀dù wọlé, lábẹ́ àmì aláràbarà tó fi síbẹ̀, “Powered by Odoo” ṣì wà níbẹ̀ gbọọrọ gbọọrọ. Ẹ máa wo ibẹ̀ dáadáa.

Èyí tó burú jù ni pé gbogbo ọjà ni wọ́n ṣètò pé kí ẹ̀rọ máa kà ní ẹyọ kan, ẹyọ kan. Gbogbo wa la mọ̀ pé a kì í ta aṣọ báyẹn: ìgàn la ń rà, yáàdì la ń gé. Bí ọmọ ìsọ̀ bá gé yáàdì márùn-ún fún oníbàárà, odindi ìgàn kan ni ẹ̀rọ yóò yọ kúrò. Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ fi ń sọ pé léèsì ti tán nígbà tí léèsì ṣì kún orí pákó. Odoo lè ka yáàdì, ó sì lè ka ìgàn, bí ẹni tó gbé e kalẹ̀ bá béèrè bí a ṣe ń tajà; ọ̀gbẹ́ni yìí kò béèrè. Nígbà tí ọdún pé, owó láísẹ́ǹsì tuntun dé. Ìyá kọ̀ láti san án, ilẹ̀kùn sì tì, nítorí pé ọwọ́ ọ̀gbẹ́ni náà nìkan ni páásíwọ́ọ̀dù àgbà, èyí tó ń ṣàkóso gbogbo rẹ̀, wà. Gbogbo àkọsílẹ̀ àwọn tó ra àwìn wà nínú rẹ̀.

Irọ́ kan tún wà tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà yín, pé ìjọba ti sọ ERP di dandan nítorí e-invoicing, ìyẹn fífi ìwé owó ọjà ránṣẹ́ sí àwọn agbowó-orí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. FIRS, iléeṣẹ́ agbowó-orí ìjọba àpapọ̀ nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ ìlànà náà ní ọdún 2025 láti orí àwọn iléeṣẹ́ ńlá tí òwò wọn lọ́dún tó bílíọ̀nù 5 náírà sókè. Bí yóò bá kan oníṣòwò kékeré, ẹnu àwọn agbowó-orí ni kí ẹ ti gbọ́ ọ. VAT, owó orí ọjà, tí wọ́n sì ń fi halẹ̀, ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni, ẹ̀rọ ìṣirò orí fóònù yín lè ṣe é.

Ǹjẹ́ ẹ nílò ERP rárá? Bí ó bá jẹ́ ìsọ̀ kan lẹ ní, tí ẹ̀yin fúnra yín ń jókòó síbẹ̀, tí ọmọ ìsọ̀ kò ju méjì mẹ́ta lọ, n kò rí ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe. Ìwé ọjà tí ẹ ń kọ lójoojúmọ́, Excel fún àkọsílẹ̀ àwìn, àti kí ẹ máa fi owó tó wọ báńkì wé ohun tí ẹ tà lálaalẹ́, ó tó. Bí ìwé àti orí pákó kò bá ti dọ́gba lónìí, àṣìṣe kan náà ni ẹ̀rọ yóò máa yára kọ sílẹ̀ fún yín. Ẹni tó nílò rẹ̀ ni ẹni tó ní ìsọ̀ ní Balógun, tó ní sítọ́ọ̀ ní Mushin, tí ọjà ń lọ tó ń bọ̀ láàárín méjèèjì, tí ọmọ ìsọ̀ kan sì ń tẹ́wọ́ gba owó ọjà tí èkejì ti tà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì tàbí ọṣẹ jáde, tàbí ẹni tó ń kó ọjà wọlé láti Ṣáínà, tó gbọ́dọ̀ pín owó ọkọ̀ àti owó kọ́sítọ́ọ̀mù lé ọjà kọ̀ọ̀kan lórí kí ó tó mọ èrè rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ pàápàá, títà àti kíka ọjà ni kí ó kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀. (Apá ti òṣìṣẹ́ lè dúró ná: òṣìṣẹ́ mẹ́rin kò nílò sọ́fítíwíà kí ọ̀gá tó mọ ẹni tí kò wá síbi iṣẹ́.)

Bí ẹ bá ti pinnu pé ẹ fẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ kí ọjà tiyín ni ẹni náà fi dán an wò lójú yín kí owó tó jáde. Kí ó kọ ìgàn kan wọlé, kí ó ta yáàdì márùn-ún nínú rẹ̀ láwìn, kí oníbàárà san ààbọ̀ owó, kí ó dá yáàdì méjì padà, kí ẹ wá wo iye aṣọ tó kù àti iye gbèsè tó kù. Kí ó pa íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ rí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ. Kí ó kó gbogbo àkọsílẹ̀ jáde sí Excel níwájú yín. Ẹ gba páásíwọ́ọ̀dù àgbà, kí ó sì wà nínú ìwé àdéhùn pé ẹ̀yin lẹ ni àkọsílẹ̀ náà, nítorí pé lábẹ́ òfin ìdáàbòbò dátà ti ọdún 2023, ẹ̀yin náà ni wọn yóò bi bí orúkọ àti nọ́ńbà àwọn oníbàárà yín bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹni tó bá ní ẹ̀dínwó òun parí lálẹ́ òní, ẹ jẹ́ kí alẹ́ ọ̀hún kọjá.

Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ ti kàn, ẹ má tíì bá a jà. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ṣì lè wọlé, ẹ kọ́kọ́ kó àkọsílẹ̀ yín jáde, ẹ sì ya àwòrán ojú-ewé gbèsè àti ọjà. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tọ́jú rìsíìtì báńkì àti ọ̀rọ̀ orí WhatsApp, kí ẹ kọ lẹ́tà pé kí ó dá owó padà. Bí ó bá kọ̀, FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, wà; ti ìpínlẹ̀ wa tí í ṣe LASCOPA náà wà. Kóòtù Májísíréètì Èkó sì ti ní ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó kékeré láti ọdún 2018, fún owó tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ, ẹ sì lè gbé ẹjọ́ náà lọ láìgba lọ́yà. Ẹ̀dà lẹ́tà tí ẹ kọ yẹn wà lára ohun tí wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ yín.