Fífi òtútù pa kókó jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró: ta ló yẹ?

Ìtọ́jú yìí ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kì í ṣe fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tí jẹjẹrẹ rẹ̀ ṣì wà ní ìpele kìíní, tí ara rẹ̀ sì gba iṣẹ́ abẹ, kó lọ ṣe iṣẹ́ abẹ, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yẹ lymph node (àwọn kókó kéékèèké inú ara tí jẹjẹrẹ lè tàn dé) wò. Abẹ́rẹ́ òtútù kò kan àwọn lymph node yìí rárá. Ẹni tí ọkàn tàbí èémí rẹ̀ kò lè gbé iṣẹ́ abẹ ni ó bá mu, pàápàá bí kókó náà kò bá ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ.

Ẹ̀rọ CT, tó ń ya àwòrán inú ara, ni dókítà ń wò tó fi ń gún abẹ́rẹ́ láàárín egungun ìhà wọ inú kókó. Gáàsì argon tó ń fẹ̀ lójijì nínú orí abẹ́rẹ́ ló ń mú un tutù ju ìwọ̀n Celsius 100 lọ sísàlẹ̀ òdo. Ẹ kíyè sí i: etí yìnyín tí CT ń fi hàn, ìwọ̀n òdo péré ni, kò pa nǹkan kan. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ń fẹ́ 20 sí 40 sísàlẹ̀ òdo. Nítorí náà yìnyín gbọ́dọ̀ kọjá etí kókó ní mìlímítà 5 ó kéré tán. 10 ló dára jù.

Afẹ́fẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró kì í gbé òtútù rìn. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ dókítà fi ń dì í lẹ́ẹ̀mẹta: ìṣẹ́jú 3 lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n á jẹ́ kó yọ́, kí ẹ̀jẹ̀ àti omi rọ́pò afẹ́fẹ́ yí kókó ká, kí wọ́n tó wá dì í fún bí ìṣẹ́jú 7 sí 10 ní ẹ̀ẹ̀kejì àti ẹ̀ẹ̀kẹta. Ẹni tó bá fo ti àkọ́kọ́ yìí, yìnyín rẹ̀ á kéré.

Wàhálà tó wọ́pọ̀ jù ni kí afẹ́fẹ́ jò sí àárín ẹ̀dọ̀fóró àti ògiri àyà. Díẹ̀ a máa lọ fúnra rẹ̀. Púpọ̀ a gba kí wọ́n ki ọ̀pá bọ̀ ọ́. Aláìsàn tún lè máa wúkọ́ ẹ̀jẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Bí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá bá sún mọ́ kókó, ooru ẹ̀jẹ̀ lè dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ níbẹ̀. Àǹfààní òtútù lórí ìtọ́jú tó ń fi ooru jó kókó ni pé ìrora rẹ̀ kéré, ojú ni wọ́n sì fi ń rí yìnyín bó ṣe ń dàgbà.

CT àkọ́kọ́ lẹ́yìn rẹ̀ máa ń dẹ́rù bani, torí àpá ibi tí wọ́n dì ń tóbi ju kókó àtijọ́ lọ. Ẹ má tíì pariwo. Ó yẹ kó máa sún kì bí oṣù ṣe ń gorí oṣù. Èyí tó bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í wú lẹ́yìn tó ti sún kì ni kí dókítà gún abẹ́rẹ́ wọ̀, kó mú díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ yẹ̀ wò.