Kíkùn sára ògiri tààrà àbí kíkùn sórí aṣọ?

Bí àdúgbò kan ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, bá fẹ́ àwòrán ńlá sára ògiri, ayàwòrán lè gun àkàbà kó kùn ún síbẹ̀ tààrà. Ìnáwó rẹ̀ kéré, àwọn tó ń lọ sọ́jà á sì máa dúró dá sí i (àwọn ìyá aláàdìrẹ ò ní ṣàì sọ pé aró yẹn ò dúdú tó). Òjò ni olórí wàhálà rẹ̀.

Ọ̀nà kejì, kíkùn sórí aṣọ, wọ́pọ̀ nínú Mural Arts, ètò àwòrán ara ògiri ti ìlú Philadelphia, ní Amẹ́ríkà, èyí tí Jane Golden bẹ̀rẹ̀ ní 1984. Abẹ́ òrùlé ni wọ́n ti ń kùn ún sórí aṣọ fẹ́lẹ́, ní abala-abala, kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ayàwòrán á fa ìlà, á fi nọ́ńbà sọ ọ̀dà tó yẹ ibì kọ̀ọ̀kan, tọmọdé tàgbà á sì jókòó kùn ún. Ṣùgbọ́n ògiri tó bá ń fa omi láti ìpìlẹ̀ á ṣí aṣọ náà kúrò.

Ní tèmi, aṣọ ló yẹ ògiri ilé ẹ̀kọ́. Ògiri àtijọ́ ìsàlẹ̀ Olúmọ, ẹ kọ́kọ́ fi sìmẹ́ǹtì tún un rẹ́, kí ayàwòrán tó gbé àkàbà dé.